Ohun Tí N Kò Tà Rí

Ilé márùn-ún ni mo ti gbé láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ bùkátà ara mi. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ilé onílé. Ìkarùn-ún ni èyí tí mo wà nínú rẹ̀ báyìí ní Akọ́bọ̀, n'Ìbàdàn, tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fi ọdún méje kọ́. Bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, tí mo ń ro ilé wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ògiri wọn ló ń kọ́kọ́ yọ sí mi, ohun tí mo fi ń gbafẹ́ nínú wọn ni. Mushin, ìwé. Abẹ́òkúta, aró. Ẹ̀gbẹ́ Ògùnpa, abẹ́rẹ́ àti òwú. Ilé àwọn tíṣà, ewédú. Akọ́bọ̀, sìmẹ́ńtì. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ki nǹkan tirẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fún ọmọ ní egungun ẹran kó lè jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tiwa, ọkùnrin ló ní fàájì. Á ta ayò, á lọ wo bọ́ọ̀lù, á gbé rédíò sétí níwájú ilé. Obìnrin tó bá jókòó, ẹ̀wà ló ń ṣà. Bó bá sì ṣe pé ó rí ohun kan tó wù ú, tó ń fi ẹ̀rín ṣe é, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi wò ó títí, á ní: "Ṣé o ò lè máa tà á ni?" Kò sí ilé tí wọn ò ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn létí mi. Mo gbọ́, mo tà á, owó rẹ̀ sì wúlò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò tà, òun nìkan ló sì ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́.

Ọdún 1971 ni mo dé Mushin, ó ku ọdún kan kí Nàìjíríà ó yí ọkọ̀ wíwà kúrò lápá òsì títì sí apá ọ̀tún. Mo wà lára àwọn ọmọ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kó wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1955. Tíṣà náà ni mo padà dà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí Grade II, mo sì gba yàrá kan nínú ilé olójúlé mẹ́wàá: márùn-ún dojú kọ márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan la àárín wọn kọjá. Ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan. Bẹ́ẹ̀dì mi gba ìdajì yàrá, àpótí aṣọ mi wà lábẹ́ rẹ̀, sítóòfù mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́, Bàbá Onílé á fi ìbora kọ́ èjìká jáde, á lọ sí ìdí mítà, á sì pa iná gbogbo ilé. Ẹni tó bá ráhùn, èsì kan náà ló ń gbà: "Ẹni tó bá fẹ́ máa ríran lóru, kó lọ kọ́lé tirẹ̀."

Ooru kì í jẹ́ kí n tètè sùn. Mo máa ń gbé àpótí ìjókòó kékeré kan àti lántánì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá máa kàwé. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, èyí tó jáde ní 1969, ni mo ń kà lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mo kó débẹ̀: ìtàn Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn. Níbi tí mo ti ń dá rẹ́rìn-ín, Ìyá Alákàrà tó ń bó ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní, "Tíṣà, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín lóru?" Mo ka ojú ewé náà fún un. Ó ní kí n tún un kà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, èèyàn mẹ́rin ló gbé ìjókòó wọn jáde. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹni tó fẹ́ lọ sí balùwẹ̀ ní láti máa bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n ká ẹsẹ̀ kò.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kàwé fún ọmọ kíláàsì, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á fún àwọn tó ń bá ìwé jà. Ìyá Alákàrà á nàka sí ojú ewé: "Sọ fún Lápàdé kó má gba ọ̀nà yẹn o!" Mo ní, "Ìyá, ìwé kì í gbọ́." Ó ní kí n ṣáà sọ fún un. Bọ̀dá Fọkanáísà, tó ń lẹ táyà ní ìkòríta wa, á sọ pé tó bá ṣe òun ni, ibi báyìí lòun ò bá fi ara pamọ́ sí. Fún àwọn tí kò mọ̀wé rárá, mo máa ń gbé Atọ́ka jáde, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé pa ìtàn. Wọ́n á dá ojú òṣèré mọ̀, wọ́n á sì ti sọ ohun tó máa ṣe kí n tó kà á débẹ̀.

Bàbá Onílé ò bá wa jókòó rí, àmọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í padé tán ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọ̀finkìn gbé ohùn mi lọ lọ́jọ́ kan, n kò jáde. Ìgbà tó ṣe, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó na orógbó méjì sí mi. "Jẹ ẹ́, kí ohùn ẹ là. Ibi tí Lápàdé wà láti àná ò dáa." Ṣùgbọ́n kò tanná o.

Bọ̀dá Fọkanáísà ní àbúrò kan, akọ̀wé ọ́fíìsì ní Yábà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lálaalẹ́. Ó ní nítorí Lápàdé ni. A ka Àjà Ló Lẹrù tán, a bẹ̀rẹ̀ Àgbàlagbà Akàn, kò dẹ́kun wíwá. Ní 1974, ọdún tí Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde, a ṣègbéyàwó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo bí ìbejì, láti ìgbà náà ló sì ti di Bàbá Ìbejì lẹ́nu mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí kan náà ló dá ọ̀rọ̀ ọjà sílẹ̀. Owó ti di náírà àti kọ́bọ̀, láti oṣù kìn-ín-ní 1973. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa dá kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan fún Tíṣà lálẹ́. Ṣebí epo lántánì ń jó." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, n ò ní parọ́. Ìyá Alákàrà ló kọ̀. Ó ní: "N ò ní dá kọ́bọ̀ kankan. Láti ìdájí ni mo ti ń rí oníbàárà. Tí mo bá tún sanwó níbí, èmi náà di oníbàárà Tíṣà nìyẹn. Ṣé kò wá sí ibì kan tí èèyàn lè jókòó sí, tí ẹnì kan ò ní máa rà, tí ẹnì kan ò ní máa tà?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń bu kẹrosíìnì sí lántánì mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó lásán ló ń bá wa sọ.

Ní oṣù kejì 1976, wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì jáde. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Bàbá Ìbejì. Ó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́òkúta. Èmi náà rí kíláàsì, torí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ń wá tíṣà lójú méjèèjì. Yàrá méjì la gbà ní Ìtòkú. Níbẹ̀, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èèyàn lè jókòó sí kàwé. Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ilé ń yá sí, ìkòkò aró ló sì kún ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá Àgbà tó bí onílé wa ló ni àwọn ìkòkò náà. Ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe aró: wọ́n á gún ewé rẹ̀, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí tá á fi pọ́n. Ọ̀pọ̀ aláró ti ń ra aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì nígbà náà, torí òun yá. Ìyá Àgbà ń lo méjèèjì: ti òyìnbó fún ọjà, ẹ̀lú fún aṣọ tó bá wù ú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé. Ó kọ́ mi ní àdìrẹ oníko, bí wọ́n ṣe ń fi ìko di aṣọ ní ìdìkúdìí, tí ibi tí okùn fún pa á fi ń di funfun tó mọ́ roboto bí òṣùpá. Mo di oṣù bàǹbà àkọ́kọ́ mi, ó rí bí ẹyin tó fọ́. Ó wò ó, ó ní, "Ìyàwó, aró kì í bá ẹni tó ń kánjú ṣe ọ̀rẹ́."

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìṣẹ́jú tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ á kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú níṣojú ẹni, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́, títí ojú á fi fẹ́ ẹ. Èékánná mi kì í mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Tíṣà Aláró nígbà tí wọ́n bá rò pé n ò gbọ́.

Mo ró ìró kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Tíṣà ẹgbẹ́ mi kan gbá a mú létí. "Ṣé o ò lè máa tà á ni?" Kí ọdún tó yí po, mo ti ní ìwé gbèsè. Ẹni báyìí jẹ owó ọ̀pá mẹ́fà, ẹni báyìí ní bí owó oṣù bá jáde. Mo fi ẹ̀lú sílẹ̀, mo mú kọ́sítíìkì, torí oníbàárà kò lè dúró. N kò rí àyè wo aṣọ bó ṣe ń kúrò ní àwọ̀ ewé mọ́. Bí mo bá ti yọ ọ́, òmíràn ni mo ń rì. Aṣọ tí mo pa láró lọ́dún kejì dára ju ti ọdún kìn-ín-ní lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè júwe fún yín lónìí.

Ní 1979, Bàbá Ìbejì ríṣẹ́ tó sanwó jù n'Ìbàdàn, a sì kó lọ sí ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí odò Ògùnpa. Kò sí ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀, kòtò ẹ̀gbin ni. Ṣùgbọ́n fèrèsé ńlá kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, abẹ́ rẹ̀ sì ni mo gbé maṣíìnì Singer ẹlẹ́sẹ̀ mi sí. Nígbà tí owó Údọ́jì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, jáde ní 1975, àwọn kan ra fíríìjì, àwọn kan ra mọ́tò. Maṣíìnì yẹn ni mo fi tèmi rà, kò sì ríṣẹ́ ṣe títí ó fi dé ìdí fèrèsé yìí. Mo rán aṣọ fún ìbejì, mo rán bùbá fún ara mi. Ẹ ti mọ ìyókù. Ìyá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wò mí, ó ní, "Ṣé o ò lè..." N kò jẹ́ kó parí rẹ̀ kí n tó wọn ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ 1980, òjò rọ̀ títí, Ògùnpa sì kúrò níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Odò tí ọmọdé ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbé mọ́tò, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. A pọn ìbejì, a sáré gun òkè. Nígbà tí omi lọ, ẹrẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Irin ni maṣíìnì. A fọ̀ ọ́, a ta epo sí i, ó tún ń lọ. Ṣùgbọ́n páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kó gbogbo ìwé mi sínú, àti Atọ́ka ọdún mẹ́jọ. Mo sá wọn sórí okùn aṣọ bí ìgbà tí èèyàn sá àdìrẹ. Ojú ewé wọn ti lẹ̀ mọ́ra, ojú àwọn òṣèré ti wọnú ara wọn. N kò lè sunkún síta, torí ní ilé kejì sí tiwa, èèyàn ni wọ́n ń wá.

Ìwé kan ṣoṣo ló là á já. Ìyá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló yá Àjà Ló Lẹrù lọ́wọ́ mi lóṣù méjì ṣáájú, kò sì tíì dá a padà. Mo ti bínú sí i nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn omíyalé, wọ́n fún mi ní ilé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ilé kékeré olórùlé páànù tí ilẹ̀ yí ká. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan nítorí pé ẹrẹ̀ ti sú mi lójú, mo fẹ́ rí ewé. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, ata rodo lẹ́bàá ògiri balùwẹ̀. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó lù, mo máa ń rìn láàárín ebè wọn láìṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá kọjá, màá já díẹ̀ fún un. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, tí owó oṣù tíṣà kò tó ra nǹkan mọ́, Bàbá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ewédú, ó wò mí. Kò tiẹ̀ sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́: "Mo ti mọ̀. Màá máa tà á." Ìbejì ń gbé igbá rẹ̀ jáde kí wọ́n tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ewédú yẹn ló ra ìwé wọn. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rìn láàárín ebè mọ́. Mo ń ka ìdì.

A ra ilẹ̀ ní Akọ́bọ̀ ní 1988. Fún ọdún méje, kò sí ohun mìíràn nílé wa ju búlọ́ọ̀kù lọ. Owó tó bá wọlé lóṣù yìí, ó di àpò sìmẹ́ńtì méjì. Tí a bá jáfara, iye náà á di ti àpò kan ààbọ̀. Bàbá Ìbejì, tó fẹ́ràn ayò tẹ́lẹ̀, kò ta ayò mọ́. Lọ́sàn-án Àìkú, á mú mi lọ sí ìdí ilé, a ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù láàárín ògiri tí kò lórùlé, á máa tọ́ka: "Pálọ̀ nìyí. Ibí ni àga mi máa wà." Mo bi í pé kí ló wá fi ń ṣe fàájì báyìí. Ó ní, "Kí ni a ń ṣe láti àárọ̀?"

A kó wọlé ní 1995, yàrá méjì péré ló ní àjà. Aṣọ rírán ló kan ìyókù. Ní 1997, Túndé Kèlání gbé Ó Le Kú jáde ní fíìmù, gbogbo ọmọbìnrin Ìbàdàn sì fẹ́ wọ bùbá alápá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìró tó mọ lórúnkún, èyí tí wọ́n ń pè ní ólékú. Wọ́n rò pé àrà tuntun ni. Irú rẹ̀ ni mo wọ̀ ní Mushin nígbà tí ìwé náà jáde! N kò nílò pátáànì. Ara mi ló rántí rẹ̀. Mo rán an títí àjà fi dé gbogbo yàrá. Tí ẹ bá gbójú sókè nínú pálọ̀ mi, ólékú lẹ̀ ń wò.

Mo fẹ̀yìn tì ní 2006, lẹ́yìn ọdún márùnlélọ́gbọ̀n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ọ̀kan nínú ìbejì gbé ọmọ ní Peckham, ní London, fún oṣù mẹ́fà. N kò ka ibẹ̀ mọ́ ilé mi, ṣùgbọ́n mo gbin ewédú sínú ike búrẹ́dì lójú fèrèsé. Òtútù kò jẹ́ kó ga, ewé rẹ̀ kò tíì tó ọbẹ̀ kan nígbà tí àlejò kan láti Ìjẹ̀bú wọlé, tó tẹjú mọ́ ọn, tó ní: "Mọ́mì, ẹ lè máa ta èyí ní Rye Lane o." Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.

Bàbá Ìbejì ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tó yá, kò lè ka ìwé ìròyìn mọ́, rédíò sì ń tètè sú u. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní: "Ìyá Ìbejì, Lápàdé dà?" Mo gbé ìwé náà jáde, èyí tí omi kò rí gbé. Mo kà á fún un láti ojú ewé àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń kà á ní Mushin. Níbi tí Ìyá Alákàrà ti máa ń pariwo, òun náà pariwo: "Sọ fún un kó má gba ọ̀nà yẹn o!" A kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta la wà, a ò tíì dé àárín, nígbà tó lọ ní 2014.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Ìyá Alákàrà tó yé mi. Aró ti tán lọ́wọ́ mi, ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ẹ̀yìn mi kò gbà kí n tẹ̀ sí ebè. Gbogbo wọn ló san nǹkan fún mi, gbogbo wọn ló sì ti gba ọ̀nà wọn lọ, bí oníbàárà tó ti sanwó. Ìwé kíkà kò san kọ́bọ̀. Ọkọ ló fún mi, ó sì fún ọkọ náà ní ohun tó gbọ́ kẹ́yìn láyé.

Mo ṣì ń kà á lálẹ́, sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ti kọ́lé tèmi báyìí, Bàbá Onílé. Iná sólà wà lórí orí mi, kò sí ẹni tó lè wá sí ìdí mítà. Ṣùgbọ́n oorun ni onílé mi báyìí, kì í sì í dúró di agogo mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló ń paná. Láàárọ̀ ni mo máa ń rí ìwé lórí àyà mi, Lápàdé ṣì wà níbi tí kò dáa.